Sí Ẹ̀gbọ́n Gbádébọ̀, Tó Kọ́ Mi Níṣẹ́ Kọ̀ǹpútà, Tó sì Fi Mí Sílẹ̀ Níwájú Ìgbìmọ̀

Háà! Ẹ̀gbọ́n Gbádébọ̀, ọmọ Àgúnbẹ́ onílé obì, ṣé ẹ ti lọ náà nìyẹn? Àgbà tí ń fi ohùn jẹ́jẹ́ tú ọ̀rọ̀ tó díjú, olùkọ́ tí kì í pariwo mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọkọ Ìyá Tólú, ọwọ́ tí ń kọ̀wé bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀! Ikú mú yín ní Ìkìrun, ìròyìn bá mi ní Ìbàdàn, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì mi lójú àwọn tó ń pè mí ní madam. Mo sunkún. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni mò ń sunkún fún tàbí ara mi.

Èmi Fọláṣadé, ọmọ Ìníṣà, ni mo ń kọ èyí. Ìyá Tólú, ìyàwó yín, ló ní kí n kọ ọ́. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Mo sọ fún wọn pé ìwé ìsìnkú kọ́ ni ibi tí wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi. Wọ́n ní, "Fọlá, gbogbo ẹni tó kù ló ti kọ ọ́ pé ènìyàn rere ni. Òótọ́ sì ni wọ́n kọ. Ìwọ, kọ ìyókù." Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó ni òkú ló rán mi níṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ mí di ènìyàn nídìí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ìbàdàn, aṣọ ni wọ́n ṣì ń fi bo kọ̀ǹpútà, a sì ń bọ́ bàtà ká tó wọ yàrá rẹ̀. Obìnrin méjì péré ló wà nínú kíláàsì wa. Olùkọ́ kan wò wá lọ́jọ́ kìíní, ó ní ká lọ kọ́ títẹ̀wé, pé ibẹ̀ lọwọ́ obìnrin ti máa ń yá. Ẹ̀yin lẹ wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kàn tọ́ka sí ìjókòó iwájú, ẹ ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ibí ni ẹ máa jókòó títí ẹ ó fi jáde." Nígbà tí mo dáhùn, ẹ gbọ́ ohùn mi, ẹ bú sẹ́rìn-ín: "Ọmọ Odò Ọ̀tìn nìyí!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ẹ̀gbọ́n.

Ta ni kò ní rántí bí ẹ ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu pátákó, tí ẹ ó tún fi ọwọ́ kan náà nu òógùn, tó fi jẹ́ pé bí kíláàsì bá ń parí lọ, iwájú orí yín á ti funfun? A ò rẹ́rìn-ín lójú yín rí, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ti máa ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Jímọ̀ tí a bá ń lọ sílé, ọkọ̀ kan náà là ń wọ̀. Ẹ̀yin á sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkìrun pẹ̀lú búrẹ́dì màmá yín lábẹ́ apá, èmi á máa bá ọkọ̀ lọ sí Ìníṣà. Ẹ kì í sọ̀ kalẹ̀ láìsọ fún dírẹ́bà pé, "Àbúrò mi nìyẹn o, má já a sójú ọ̀nà."

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní tírẹ́ẹ̀dì. Mo fẹ́ kí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà rárá mọ ohun tó jẹ́, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ dúró lé. Nínú ètò kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, a lè pín iṣẹ́ sí ọ̀nà púpọ̀ tí gbogbo wọn á jọ máa lọ. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan là ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì. Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan wà tí ètò náà fúnra rẹ̀ ń darí. Kánẹ̀lì, ìyẹn ọ̀gá tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún gbogbo ètò, kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú tírẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ wà. Òmíràn wà tí kánẹ̀lì mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń darí fúnra rẹ̀. Ẹ wo ojú wa, ẹ rí i pé kò yé wa, ẹ wá sọ ọ́ báyìí:

"Ẹ wo agbo ilé kan. Bó bá jẹ́ pé baálé nìkan ni ìjọba mọ̀, iṣẹ́ á máa yá nínú ilé, baálé á pín in, kò sí pé à ń lọ à ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá baálé dúró ní kóòtù nítorí ẹjọ́ ọmọ kan, gbogbo ilé ló dúró. Bó bá jẹ́ pé ìjọba mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, wàhálà ìwé á pọ̀ díẹ̀, nǹkan á falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ ẹnì kan kò ní dá ẹlòmíràn dúró."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn béèrè pé, "Sà, èwo ló wá dáa jù?" Ẹ mi orí. Ẹ ní, "Má bi mí pé èwo ló dáa. Bi mí pé kí ni iṣẹ́ náà máa ń dúró dè. Bó bá jẹ́ ìṣirò lásán, tí kì í dúró de nǹkan kan, ti inú ètò yá, kò sì wúwo. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tó ń dúró de dísìkì tí à ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, tó ń dúró de ènìyàn, lọ bá kánẹ̀lì." Bíírò pupa ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo parí ẹ̀kọ́, ẹ fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ẹ padà sílé, ẹ ṣí ọ́fíìsì sí ojú ọ̀nà Ìkìrun, ẹ sì ránṣẹ́ pè mí. Inú mi dùn débi pé n kò béèrè nǹkan kan kí n tó di ẹrù mi. Mò ń gbé lọ́dọ̀ màmá mi ní Ìníṣà, mò ń wọkọ̀ wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Àwọn ilé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀, gbogbo wọn ń wá. Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn kékeré kan tí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì dá sílẹ̀ ní ọ̀nà Òkukù pè wá. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ló fún wọn ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ní ojú mẹ́jọ: ọ̀kan ní yàrá káàdì, ọ̀kan ní láàbù, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ ètò tí ènìyàn mẹ́jọ á lè jọ lò lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ọ̀sì lè rí irú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láìsáré lọ wá káàdì.

Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ ta ko ara wa. Mo ní ká fún ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní tírẹ́ẹ̀dì ti kánẹ̀lì. Ẹ ní mẹ́mọ̀rì ẹ̀rọ náà kéré, pé nǹkan á falẹ̀, pé alága ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yára lójú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, dísìkì ni wọ́n á máa dúró dè láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹnì kan bá há sídìí dísìkì, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló há." Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Fọlá, ìwọ náà ti wá di olùkọ́. Jẹ́ ká fi ti inú ètò ṣí i. Bí ayẹyẹ bá ti parí, a ó yí i padà. Mo fún ọ ní ọ̀rọ̀ mi."

Mo gbà. Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ dé, ó yá bí iná ọyẹ́. Alága pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò yín, wọ́n fi yín sí àárín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tún ètò náà kọ. Mo dán an wò ní ọ́fíìsì wa: bó ṣe ń ka dísìkì pélébé kan lọ́wọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ fà á yọ. Ojú ẹ̀rọ kan dúró gbagidi, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Mo pariwo ayọ̀, ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mú un lọ sí Òkukù. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Nígbà tí ẹ padà dé, mo béèrè pé, "Ṣé ẹ ti fi sí i?" Ẹ ní, "Mo ti fi sí i, Fọlá. Fọkàn balẹ̀."

Mo fọkàn balẹ̀. Láti Ìníṣà sí Òkukù kò jìnnà, ọkọ̀ kékeré ò ní jẹ́ kó rẹ̀ mí. Mo lè lọ wò ó fúnra mi. N kò lọ. Kí ni n bá lọ wá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́?

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, wọ́n gbé obìnrin kan wá láti Igbaye. Sìkírátù lorúkọ rẹ̀. Ó ń rọbí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Ó ti bímọ níbẹ̀ rí, irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì tẹ orúkọ rẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an, akọ̀wé yàrá káàdì ń wá àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan lórí dísìkì kejì, dísìkì náà sì ti ń bàjẹ́ níbì kan. Ó ń gbìyànjú láti kà á, kò rí i kà, ó tún ń gbìyànjú. Ojú ẹ̀rọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dúró. Láàbù dúró. Yàrá ìgbẹ̀bí dúró. Wọ́n rò pé ó máa tó lọ, wọ́n ń dúró dè é. Nígbà tí àgbà nọ́ọ̀sì kan figbe ta pé kí wọ́n sáré lọ ṣí yàrá ẹrù, níbi tí wọ́n kó àwọn káàdì ìwé sí, àsìkò ti lọ. Wọ́n rí káàdì, wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ fún un. Ìyá yè. Ọmọ kò yè. Dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà má yè bó ti wù kó rí. Ó ṣeé ṣe. Mo ti wí ọ̀rọ̀ yẹn fún ara mi títí ó fi tẹ́ lẹ́nu mi.

Wọ́n pe ìgbìmọ̀. Yàrá ìpàdé ilé ìwòsàn náà ni, lọ́sàn-án, alága ló jókòó sáàárín, mátírọ́nù wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ, mo ṣì ń sọ fún yín pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò yé mi, pé kò yẹ kí ètò tuntun há bẹ́ẹ̀. Ojú fèrèsé lẹ ń wò. Alága béèrè pé ta ló yan ọ̀nà tí ètò náà gbà ń ṣiṣẹ́. Ẹ dìde. Ẹ ní, "Alága, apá ibẹ̀ yẹn, Fọláṣadé ló kọ ọ́. Òun ló mú èyí tó yá. Ẹ̀bi tèmi ni pé n kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò dáadáa. Ọmọdé ni."

Ọmọdé ni! Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Nígbà yẹn ni mo mọ̀ pé ètò tuntun kọ́ ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ kì í la ẹnu pe àgbà ní òpùrọ́ láàárín àwùjọ. Mo ń wo ojú yín, mò ń retí pé ẹ máa fi "ṣùgbọ́n" kan sí i. Ẹ bọ́ gíláàsì yín, ẹ ń fi etí agbádá nù ún. Ẹ nù ún pẹ́. Mátírọ́nù yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí, Fọláṣadé?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀, mà." Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n kọ sínú ìwé pé mo jẹ́wọ́.

Wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà, wọ́n padà sídìí káàdì. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìníṣà kí n tó dé ibẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo bá jókòó, àwọn ìyá á dákẹ́. Màmá mi pè mí sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ní, "Fọlá, wo ojú mi. Ṣé ìwọ ni?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o ò sọ?" Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo kó ẹrù mi lọ sí Ìbàdàn. Ẹ ò wá mi wá. Ẹ ò kọ lẹ́tà.

Àwọn ọdún kọjá. Iṣẹ́ mi dúró, Ọlọ́run ṣeun. Lọ́jọ́ kan ni Ìyá Tólú wá bá mi ní Ìbàdàn pé ara yín ò yá, pé orúkọ mi lẹ ń dá. Mo lọ. Mo bá yín lórí àga ní pálọ̀, ẹsẹ̀ yín wú, ẹ ti rù. Ẹ ní kí Ìyá Tólú má jáde, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́.

Ẹ ní, "Fọlá, mo mú dísìkì rẹ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo fi sí i. Ojú ẹ̀rọ falẹ̀, alága sì ń kọjá lọ, ó ní, 'Èé ti rí? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?' Ojú tì mí. Mo yọ ọ́, mo dá ti àtijọ́ padà. Mo ní màá tún padà lọ."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti ìgbìmọ̀ ńkọ́?"

Ẹ ní, "Mo wò ọ́, mo rí i pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú rẹ. Wàá ríbi bẹ̀rẹ̀. Èmi ti dàgbà, Ìkìrun nìkan ló kù mí kù. Mo ní ìwọ lè gbé e, èmi ò lè gbé e."

Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Bó bá ṣe pé ẹ̀rù ló bà yín tí ẹ ò ronú, n bá gbà á. Àṣé ẹ ronú! Ẹ wọ̀n mí wò níbẹ̀ yẹn, níwájú àwọn ènìyàn, ẹ rí i pé èjìká mi gbà á, ẹ wá gbé e lé mi. Irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n máa ń gbé ẹrù lé láìbéèrè ni ẹ fi mí ṣe.

Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, ẹ sunkún. N kò rí ọkùnrin tó dàgbà tó yín tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí ẹ ṣe nǹkan méjì fún mi: kí ẹ kọ òótọ́ náà fún ilé ìwòsàn, kí ẹ sì lọ rí Sìkírátù ní Igbaye. Ẹ ní, "Màá ṣe é. Jẹ́ kí ara mi yá díẹ̀."

Ara yín yá. Mo gbọ́ pé wíwú ẹsẹ̀ yín ti lọ sílẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ lọ síbi ìgbéyàwó ní Òkukù, pé ẹ dáṣọ funfun, pé ẹ jó. Ẹ kọjá níwájú ilé ìwòsàn lálọ, ẹ tún kọjá lábọ̀. Ẹ ò yà. Ẹ ò dé Igbaye. Àwa méjèèjì, èmi àti Ìyá Tólú, la tú àpótí ìwé yín lẹ́yìn tí ẹ kú tán, bóyá a ó rí lẹ́tà kan tí ẹ kọ tí ẹ ò tíì fi ránṣẹ́. A rí ìwé tí ẹ fi ń kọ́ wa, ọwọ́ yín tó dára. A ò rí lẹ́tà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò sọ ọ́: èmi kọ́ ni mo yan ọ̀nà yẹn. Mo ta kò ó, mo tún ètò náà kọ, ẹ ní ẹ ti fi sí i. Ìyá Tólú ní àwọn fúnra àwọn ló máa mú ìwé yìí lọ fún mátírọ́nù. Obìnrin tó ń sin ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, tó sì ń ṣe irú èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí ibi mọ́.

Mo ti lọ sí Igbaye. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn ni. Mo bá Sìkírátù nídìí agbada gàrí. Ó dá mi mọ̀ bí mo ti dárúkọ ara mi, kò kí mi. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, láìyọ ara mi sílẹ̀, pé èmi náà ò lọ wò ó, pé mo gbà yín gbọ́. Ó ń yan gàrí lọ. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹni tó kú yẹn, ṣé ó tọrọ àforíjì?"

Mo ní, "Ó tọrọ lọ́wọ́ mi."

Ó ní, "Ọmọ tìẹ ló kú ni?"

Ó wá béèrè pé ọjọ́ wo ni ìsìnkú. Mo sọ fún un. Ó ní òun máa wá. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, òun kàn fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí wọ́n tó bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, tèmi, mo ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì tán, n kò sì ní parọ́ lójú pósí yín. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ lónìí, ẹ̀yin lẹ fi hàn mí, mo sì dúpẹ́. Ìdáríjì ti Sìkírátù kò sí lọ́wọ́ mi láti fún yín.

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará Ìkìrun: bí ẹ bá rí obìnrin kan tí ẹ ò mọ̀, tó fi gèlè dúdú bo orí, tó dúró ti pósí, tí kò sunkún, tí kò sì lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tì í. Ẹ yàgò fún un. Ẹ jẹ́ kó wò wọ́n tó bó bá ṣe fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, olùkọ́ mi, ẹ sùn re o, bí oorun bá gbà yín.